Ọjọ́ Tí Ẹsẹ̀ Mi Rí Bọ́kẹ́ẹ̀tì, Tó Pè É Ní Ìkòkò

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí fún yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti dákẹ́ lórí Facebook yìí. Àwọn kan ń bèèrè pé ṣé mi ò ta ìkòkò mọ́ ni. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń sọ fún ara wọn pé bóyá mo ti kú. Mi ò kú o! Wọ́n gé eegun kan kúrò lára mi ni, wọ́n sì fi òmíràn síbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ojú ewé mi, Rìsíkátù lorúkọ mi, amọ̀kòkò ni mí ní Ìpetumodù. Mo bá iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìyá mi, òun náà sì bá a lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Ìkòkò omi, ìṣasùn, ìkòkò òdòdó tí àwọn ará yunifásítì máa ń wá rà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, gbogbo rẹ̀ ni mò ń mọ.

Kí ọ̀rọ̀ mi tó lè yé yín, ẹ gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń ṣe é. A kì í jókòó mọ ìkòkò ńlá lọ́dọ̀ wa. Ìkòkò á wà nílẹ̀, kò ní yí, àwa la máa yí i ká. A ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ kan á wà nínú ìkòkò, ọwọ́ kejì á wà lára rẹ̀ lóde, a ó wá máa fi ẹ̀yìn rìn yí i ká, a ó sì máa fi ṣùkù àgbàdo àti àkísà tútù dán an. Ẹ̀yìn la fi ń rìn o! Ẹni tí kò bá rí i rí á rò pé ijó là ń jó. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọdébìnrin ni mo ti ń rin ìrìn yẹn.

Ohun kejì tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni Ìyá Àgbà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, òun nìkan ló kù nínú àwọn tó kọ́ mi níṣẹ́. Kò mọ ìkòkò mọ́, agbára ti tán, ṣùgbọ́n òun ni olórí wa níbi iṣẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, àgbà obìnrin ló máa ń wo ìkòkò nígbà tó ṣì tútù. Bí ó bá gún, á kọjá lọ. Bí ó bá wọ́, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí, á tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ pátápátá, ìkòkò á tún padà di amọ̀. Kò ní bẹ̀ ọ́, kò ní ṣàlàyé. Ẹ ò lè mọ iye omijé tí àtẹ́lẹwọ́ yẹn mú mi da nígbà èwe mi! Mo kórìíra rẹ̀ bí ẹni kórìíra ẹgba.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀. Ìgbáròkó ọ̀tún ló bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Mo ní àárẹ̀ iṣẹ́ ni. Mo fi òrí pa á, mo gbé oògùn ìrora mì, mo ní kí wọ́n fi omi gbígbóná jó o. Nígbà tó yá, mo ń tiro. Nígbà tó tún yá, bí mo bá kírun tán, mi ò lè dìde lórí ení àyàfi tí ẹnìkan bá fà mí sókè. Ojú máa ń tì mí gan-an.

Sàkírá, àkọ́bí mi, tó ń gbé ní Mayfair ní Ifẹ̀, ló wá gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ya eegun mi, dókítà sì fi àwòrán rẹ̀ hàn wá. Ó ní orí eegun itan mi ti jẹ, pé eegun ló ń ha eegun níbẹ̀, kò sí oògùn tí mo lè lò tí yóò mú un hù padà. Wọ́n máa gé èyí tó bàjẹ́, wọ́n á fi àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tí Ìyá Àgbà gbọ́, ó bi mí léèrè bóyá irin ni wọ́n máa fi sí mi lára. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó wá ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí ó bá mi lára mu, ó sì yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á. Ta ni ẹ̀rù ò ní bà?

Àlùhámúdùlíláì, iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Nígbà tí wọ́n dá mi sílẹ̀, ilé Sàkírá ni mo lọ, nítorí ó sún mọ́ ilé ìwòsàn ju Ìpetumodù lọ. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní wọ́kà ni mo kọ́kọ́ fi ń rìn, kí n tó bọ́ sórí ọ̀pá. Òfin sì pọ̀! Mi ò gbọdọ̀ jókòó sórí àpótí kúkúrú. Mi ò gbọdọ̀ ká ẹsẹ̀ lé ara wọn. Mi ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀. Orí àga ni mo ti ń kírun, mi ò lè forí kanlẹ̀.

Ṣé ẹ mọ ohun tó tún wá sú mi ju òfin lọ? "Ẹ gbìyànjú!" Bí mo bá dìde lórí ibùsùn, wọ́n á ní, "Màmá gbìyànjú!" Bí mo bá dé balùwẹ̀, "Ẹ gbìyànjú gan-an, mà!" Ọjọ́ kan ni mo jẹ ẹ̀bà tán, ọmọ Sàkírá pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ̀bà o! Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti ń bọ́ ara mi láti ọjọ́ pípẹ́, tí mo tọ́mọ lẹ́yìn tí bàbá wọn kú, mo wá di ẹni tí wọ́n ń kí kú oríire pé ó gbé oúnjẹ mì.

Lọ́jọ́ kan, Sàkírá jókòó tì mí. Ohùn rẹ̀ rọ̀, mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ló ń bọ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ ti mọ ìkòkò tó. Ẹ jókòó tì wá níbí. Iṣẹ́ yẹn ló jẹ eegun yín."

Mo ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ó ní òun ò bẹ́ mi lórí, òun fẹ́ kí n pẹ́ láyé ni. Ẹ gbọ́ ná, kí ni ènìyàn fẹ́ sọ sí ìyẹn? Mo sunkún nínú lọ́hùn-ún. Èmi tí mi ò bá mọ ìkòkò, ta ni mí? Màmá tó jókòó sí Mayfair, tó ń wo tẹlifíṣàn?

Níkẹyìn, a jọ ṣe àdéhùn. Àwọn fisio, ìyẹn àwọn tó ń kọ́ aláìsàn bí wọ́n ṣe máa rìn padà, fẹ́ yẹ ìrìn mi àti bí mo ṣe ń yí wò. Bí wọ́n bá ní ó dára, màá padà sí Ìpetumodù sídìí iṣẹ́ mi, Sàkírá ò ní dá mi dúró. Bí wọ́n bá ní kò dára, màá jókòó tì í. Mo gbà. Ọkàn mi balẹ̀, nítorí mo ti ń rìn káàkiri ilé láìfi ọwọ́ kan ògiri. Mo rò pé mo ti yege tán!

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Bùkọ́lá ni fisio mi, ó ní sùúrù bí ẹni pé òun ló bí mi. Lọ́jọ́ ìdánwò náà, ó gbé àga kan síbi kan, ó wá dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan délẹ̀ ní iwájú, níbi tí mo máa rìn dé. Ó ní kí n dìde lórí àga láìfi ọwọ́ tì í, kí n rìn lọ, kí n yí bọ́kẹ́ẹ̀tì náà ká, kí n rìn padà, kí n jókòó. Ó ní òun ò ní sọ̀rọ̀ rárá, òun máa wò mí ni. Ó ní ìrìn tààrà kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣòro fún ẹni tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí fún, pé ibi yíyí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣubú. Nítorí náà, bí mo bá dé ibẹ̀, kí n máa gbé ẹsẹ̀ ní kékeré kékeré, kí n má fi ẹsẹ̀ kan dúró kí n wá fi ìbàdí yí.

Mo ní, "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó yá.

Mo dìde. Mi ò fọwọ́ ti àga. Mo fi ọ̀pá mi rìn lọ tààrà, mo gbé orí sókè, mo tilẹ̀ ń fẹ́ kí Sàkírá tó dúró sídìí ògiri rí bí mo ṣe ń rìn. Mo dé ibi bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé èyí. Bọ́kẹ́ẹ̀tì náà pupa bí amọ̀, ìdí rẹ̀ ló wà lókè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ la ṣe máa ń dojú ìkòkò àtijọ́ dé nígbà tí a bá fẹ́ na amọ̀ lé ìdí rẹ̀ lórí. Ojú mi rí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹsẹ̀ mi rí ìkòkò. Kí n tó mọ̀, ọ̀pá ti bọ́ lọ́wọ́ mi, mo ti yí ẹ̀yìn padà, mo ti ń fi ẹ̀yìn rìn yí i ká. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti yí sínú. Ọwọ́ mi ti ń na sílẹ̀. Mo ti ń bẹ̀rẹ̀!

Bùkọ́lá pariwo pé, "Màmá, ẹ dúró!" Ó sáré gbá mi mú níbàdí, òun àti Sàkírá gbé mi lé àga. Nǹkan kan ti ta mí nínú ìgbáròkó bí iná. Wọ́n ní kí n má mì. Bùkọ́lá kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ wo ẹsẹ̀ mi láti òkè dé ilẹ̀, ó ń wò ó bóyá ó ti kúrú ju èkejì lọ. Mo gbọ́ bí Sàkírá ṣe ń mí.

Ọlọ́run ṣe é, eegun náà kò yẹ̀.

Ohun tó wá tẹ̀ lé e ló dùn mí jù. Bùkọ́lá rọra bi mí pé kí ni mo fẹ́ mú lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì náà ni mo ṣáà ń wò. Sàkírá fà á sí ẹ̀gbẹ́, ó rò pé mi ò gbọ́, ó ń bi í bóyá abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi pa mí níyè ti kan ọpọlọ mi. Ọmọ tí mo bí! Ni Bùkọ́lá bá padà wá, ó bi mí pé ìlú wo la wà, ó bi mí pé ọjọ́ wo ni òní. Ó bi mí pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń wá. Mo ní Ifẹ̀ la wà. Mo ní Ọjọ́bọ̀ ni. Mo wá bú sẹ́kún.

Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo ní, "Ọmọ mi, ìkòkò ni."

Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe ṣàlàyé fún yín yìí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí ilẹ̀ níwájú mi, ó ń gbọ́. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n gbà mí wọlé ni wọ́n ti bèèrè iṣẹ́ mi, ohun tí àwọn gbọ́ ni pé oníṣòwò ni mí. Mo wo Sàkírá, Sàkírá wo ilẹ̀. Òun ló dá wọn lóhùn lọ́jọ́ yẹn. Mi ò bá a wí. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ amọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn ún sọ láàárín àwọn tó mọ̀wé.

Bùkọ́lá wá sọ òótọ́ fún mi. Ó ní bí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tán bí mo ṣe ń lọ yẹn, tí ẹsẹ̀ mi sì yí sínú bẹ́ẹ̀, eegun tuntun náà lè yọ kúrò ní ojú rẹ̀, kí wọ́n tún gbé mi padà sórí tábìlì. Ó ní òun ò lè sọ pé mo yege. Mo ní mo gbọ́. A wọ takisí padà sí Mayfair. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn.

Àmọ́ kò parí. Nígbà tí mo tún lọ, Bùkọ́lá ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà lé orí tábìlì kékeré kan, ó ga dé ìbàdí mi. Ó ní, "Màmá, bó bá jẹ́ ìdí ìkòkò lẹ fẹ́ padà sí, ìkòkò la máa fi kọ́ yín." Ó ní kí n dúró gbọọrọ, kí n gbé ọwọ́ lé e, kí n máa rìn yí i ká, ṣùgbọ́n iwájú ni kí n máa fi rìn, pẹ̀lú ẹsẹ̀ kékeré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ó le ju bí mo ṣe rò lọ! Apá òsì ń gbọ́ràn díẹ̀. Apá ọ̀tún kọ̀ jálẹ̀, nítorí gbogbo ọjọ́ ayé mi, ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo ń yí gbà. Ìgbà míì, ẹsẹ̀ mi á tún fẹ́ lọ sẹ́yìn, Bùkọ́lá á ní, "Màmá, iwájú." Mo máa ń bínú sí i. Mo máa ń bínú sí ara mi jù.

Sàkírá ló wá jẹ́ ẹni tó ń bá mi ṣe é nílé. Ó gbé ike omi lé orí tábìlì ìjẹun, a ó máa yí i ká, òun níwájú, èmi lẹ́yìn. Kò sọ pé kí n má lọ mọ́.

Nígbà tó ṣe, wọ́n tún yẹ̀ mí wò. Bọ́kẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀ bíi ti àkọ́kọ́. Mo dìde, mo rìn, mo débẹ̀. Ẹ̀yìn fẹ́ fà mí, mo gbọ́ bó ṣe ń pè mí. Mo di eyín, mo gbé ẹsẹ̀ síwájú, díẹ̀, díẹ̀, mo yí i ká, mo padà wá jókòó. Bùkọ́lá ní mo ti yege. Ó ní kí n máa lọ sílé, àmọ́ ìkòkò gbọ́dọ̀ máa gòkè wá bá mi, èmi ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ bá a mọ́, bẹ́ẹ̀ ni mi ò gbọdọ̀ fi ẹ̀yìn rìn nídìí rẹ̀ mọ́ láé.

Láé! Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìrìn tí ìyá mi kọ́ mi, ibẹ̀ ni mo fi í sílẹ̀ sí.

Sàkírá fúnra rẹ̀ ló kó ẹrù mi padà sí Ìpetumodù. Ó ti ránṣẹ́ ṣáájú, wọ́n ti to bùlọ́ọ̀kù jọ síbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì gbé ìdí ìkòkò kan tí wọ́n ti nà sílẹ̀ dè mí lé e lórí. Ìyá Àgbà jókòó sórí àga rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá. Mo kí i lórí ìdúró, nítorí mi ò lè kúnlẹ̀. Ó wo ìgbáròkó mi, ó wo bùlọ́ọ̀kù. Ó ní, "Ìkòkò wá gun orí àga bí olóyè." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Mo bu amọ̀, mo lọ́ ọ di gígùn, mo tò ó lé ìdí ìkòkò, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i ká. Iwájú, iwájú. Àwọn aládùúgbò ti pé jọ. Wọ́n ń kí mi kú iṣẹ́, wọ́n ń yọ fóònù, wọ́n ń ya fídíò. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi mọ̀ pé nǹkan kò rí bó ṣe yẹ. Nígbà tí mo ń fi ẹ̀yìn rìn, ṣe ni ọwọ́ ń fa amọ̀ tẹ̀ lé ara. Nísinsìnyí tí mò ń lọ síwájú, ṣe ló ń tì í. Ẹnu ìkòkò náà wọ́ sápá kan. Mo rí i. Èmi kọ́ ló yẹ kí wọ́n sọ fún.

Mo parí, mo dúró. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. "Ó dára! Ẹ gbìyànjú gan-an, Ìyá Sàkírá!" Sàkírá pàápàá ń sunkún ayọ̀, ó ní òun máa gbé e lọ sí Mayfair, òun ò ní tà á.

Ìyá Àgbà dìde. Ó rọra fi ọ̀pá rìn wá. Ó wò ó láti ìhín, ó wò ó láti ọ̀hún. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé e lórí, ó sì tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀.

Sàkírá figbe ta. Ó ní, "Ìyá Àgbà! Kí ló dé? Ṣé ẹ ò mọ ohun tí ojú wọn ti rí ni?"

Ìyá Àgbà nu amọ̀ kúrò lọ́wọ́ sára ìró rẹ̀. Èmi ló ń wò. Ó ní, "Ó wọ́. Tún un mọ."

Mo sunkún, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo sunkún tí mi ò lè mí dáadáa. Àwọn ènìyàn rò pé ó dùn mí, wọ́n ń bẹ̀ mí, wọ́n ń fi ojú bú àgbà obìnrin náà. Wọn ò mọ̀ pé ayọ̀ ni! Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi kúrò lórí tábìlì, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí kò bá mi sọ̀rọ̀ bí aláìsàn. Amọ̀kòkò ló ń bá wí. Àtẹ́lẹwọ́ tí mo kórìíra yẹn, òun ló dá mi padà sípò mi.

Mo tún un mọ. Èyí náà wọ́, ó tún tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀. Èmi ń bínú, inú mi ń dùn. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí ọwọ́ mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹsẹ̀ tó ń lọ síwájú ṣiṣẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo parí ìkòkò omi kan, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá Àgbà wá. Ó wò ó títí. Mo ti gbé omi sítòsí, mo ti ń retí kí ó tẹ̀ ẹ́. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó rọra yí padà, ó kọjá lọ jókòó sí àyè rẹ̀. Ìkòkò náà ló wà nínú àwòrán tí mo fi sísàlẹ̀ yìí.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Ẹ sọ iṣẹ́ yín fún àwọn tó ń tọ́jú yín, bó ti wù kó kéré lójú ọmọ yín. Bí ẹ bá sì ní aláìsàn tó ń padà bọ̀ sípò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn máa pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ wá iṣẹ́ fún un, bí ó bá sì wọ́, ẹ sọ fún un pé ó wọ́. Ọ̀wọ̀ wà nínú ìyẹn.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ti gbé irú eegun báyìí sára nínú yín? Kí ni ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ yín kọ̀ láti gbàgbé? Ta ló sì fún yín ní iṣẹ́ yín padà? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí fún mi, màá kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò ní jẹ́ ìsinsìnyí ṣá o, nítorí Ìyá Àgbà ti ń fi ọ̀pá lu ilẹ̀, ó ní amọ̀ mi ń gbẹ.